Ṣé àwọn Lárúbáwá gan-an ló ń gbàgbé Lárúbáwá báyìí?

Akéwú_Káírò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé a ní àwọn alfa níbí, a sì ní àwọn tó ń bá Lárúbáwá gbé.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kéwú nílé, láti idadi dé thanawi, ìpele kéwú méjì tó tẹ̀léra. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, yóò gbálẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo fi máa dé Káírò, mo ti rò pé ilé ni mò ń lọ.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo lọ ra búrẹ́dì. Mo ní "uridu khubzan", mo tiẹ̀ fi "an" sí ìparí rẹ̀ dáadáa kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi. Ọkùnrin yẹn wò mí, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ayez eish?" Èmi ò mọ eish. Nínú ìwé tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mọ́ kéèyàn wà láàyè. Ṣé wọ́n ń ta ìgbésí ayé ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni? Àṣé orúkọ búrẹ́dì nìyẹn ní Íjíbítì. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ takisí kan bi mí bóyá inú eré àtijọ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti já bọ́, irú èyí tí wọ́n ti ń gun ẹṣin tí wọ́n yọ idà. "Mawlana", bí wọ́n ṣe ń pe àlùfáà àgbà, ló ń pè mí títí a fi dé ibi tí mò ń lọ. (Kò gba owó gọbọi lọ́wọ́ mi, kí n má purọ́.)

Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tí mo fẹ́ sọ. Mò ń kọ́ ọmọ kan ní Kùránì nírọ̀lẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Íjíbítì pọ́ńbélé. Ilé-ìwé olówó ńlá tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ohun gbogbo ló ń lọ. Tí mo bá gbé ìwé ìròyìn fún un, kò lè ka ìlà mẹ́ta. Tí mo bá fi Fusha, Lárúbáwá inú ìwé, bi í léèrè, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ ní kí n máa ṣe sùúrù fún un, pé Lárúbáwá le. Mo ní hàáà. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé Lárúbáwá le!

Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń gbàgbé èdè wọn, àbí ojú mi ni kò rí nǹkan dáadáa?

Ìyá_Ìbejì_Doha

Àbúrò, ojú ẹ ríran dáadáa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí ní Doha, ní Qatar, ó ti di ọdún kẹsàn-án. Ìyá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, ó ń ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tó ọdún mẹ́rìnlá ló jókòó tì í, a ní kó bá wa túmọ̀. Ọmọ ń wo ìyá, ìyá ń wo ọmọ. Nígbà tó yá, èmi tí mo kéwú díẹ̀ ní kékeré l'Ẹ́dẹ ni mo ń sọ ohun tí ìyá ń wí fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ wò ó, àwọn ọmọ onílẹ̀ ò pọ̀ rárá láàárín èrò tó wà níbí. Ọmọ-ọ̀dọ̀ láti Fílípìnì tàbí Íńdíà ló ń tọ́ ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a sọ. Tí ìyá ilé bá fẹ́ bá ọmọ-ọ̀dọ̀ sọ Lárúbáwá, èyí tí a ti gé lẹ́sẹ̀ gé lápá ni: "ana mafi malum", ìyẹn ni pé mi ò mọ̀. Irú Lárúbáwá bẹ́ẹ̀ lọmọ ń gbọ́ dàgbà.

Ìjọba ò kàn ń wòran o. Ní 2012, Qatar University dá ẹ̀kọ́ òfin, ìmọ̀ ìròyìn àti ìmọ̀ ìṣòwò padà sí Lárúbáwá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ fún ọdún mélòó kan. Ní 2019, wọ́n ṣe Òfin Keje láti dáàbò bo èdè náà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún: ní ilẹ̀ Lárúbáwá, òfin ló ń dáàbò bo Lárúbáwá.

Ohùn_Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n fi omi tútù díẹ̀ sí ọbẹ̀ yìí. Ìmọ̀ èdè ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Akéwú, Fusha tí o kọ́ nílé kì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni. Kò sí ìyá Lárúbáwá kan lónìí tó ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún. Ammiyya, Lárúbáwá ẹnu ojoojúmọ́, ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn ìyá wọn, oníkálukú pẹ̀lú ti ìlú rẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n ti ń bá Fusha pàdé, bí ìwọ náà ṣe bá a pàdé lórí wàláà. Ará Amẹ́ríkà kan, Charles Ferguson, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1959, ó pè é ní diglossia: ìyekan méjì nínú ilé kan, ọ̀kan fún mùmbárì, ìwé ìròyìn àti ilé-ẹjọ́, èkejì fún ilé ìdáná, ọjà àti ìjà.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Ká ní èdè inú ẹsẹ Ifá nìkan ni ìwé ìṣirò wa fi kọ, òun ni aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi ń ka ìròyìn, òun ni ọmọ fi ń ṣe ìdánwò. Tí ọmọ Ìbàdàn kan ò bá wá lè kà á já geere, ṣé a ó ní ó ti sọ Yorùbá nù? Ẹni tó ń ta eish yẹn kò gbàgbé ohunkóhun. Èdè rẹ̀ ló ń sọ. Ìwọ lo wọ agbádá ìgbéyàwó wá ra búrẹ́dì.

Ọmọ_Ìta_Balẹ̀

"Agbádá ìgbéyàwó wá ra búrẹ́dì" 😂 Ẹ ti pa Akéwú.

Bàbá_Alfa_Ìlọrin

As-salaamu alaykum, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ibì kan sílẹ̀.

Ẹ̀rù tí ẹ ń bà yìí ti pẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún wa pé Abu al-Aswad al-Du'ali, tó gbé ní Basra láyé àwọn ọmọlẹ́yìn, jókòó lálẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ gbójú sókè, ó ní, "Ma ahsanu s-sama'?" Bàbá dáhùn pé, "Àwọn ìràwọ̀ rẹ̀." Torí bí ọmọ ṣe pè é yẹn, ìbéèrè ni: kí ló rẹwà jù lójú ọ̀run? Ọmọ ní òun ò béèrè nǹkan kan, ẹwà ọ̀run ló ń ya òun lẹ́nu. Bàbá ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, la ẹnu ẹ, kí o ní 'ma ahsana s-sama'a'." U tó yẹ kó jẹ́ a. Ohun tó ya ọmọ yẹn kúrò lójú ọ̀nà kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ìtàn kan ní ibẹ̀ ló ti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í to òfin nahwu, ìyẹn gírámà, kí èdè má bàa bàjẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí sáàárín àjèjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ta ló wá kọ ìwé nahwu tó ga jù? Sibawayh, ọmọ Páṣíà. Ìwé rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kàn ń pè é ní "Ìwé". Àlejò ló kọ́ onílé ní òfin ilé. Nígbà tí Ibn Manzur parí ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ńlá nì ní 1290, ó kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé àsìkò tí àwọn èèyàn ń fi èdè àjèjì yangàn ni òun ń ṣe é, pé bí Ànábì Nuhu ṣe kan ọkọ̀ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lòun ṣe kan tòun. Ó ju ọgọ́rùn-ún méje ọdún lọ, ẹ̀yin ọmọ mi!

Ibi tí olùkọ́ yọ sílẹ̀ rèé: ẹni tí kò gbọ́ Fusha kò pàdánù èdè ìyá rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ kọ láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ọmọ Ìlọrin bíi Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tó gbé Markaz, ilé-kéwú rẹ̀, dé Agége ní 1955, wọlé síbẹ̀, ó bá wọn jókòó, ó fi Lárúbáwá kọ ìtàn ilẹ̀ wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ_Ìta_Balẹ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àṣé ìràwọ̀ ló bí nahwu. Alfa tèmi ní pàṣán ni.

Akéwú_Káírò

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ohùn_Mẹ́ta, ẹ ti bọ́ mi ní agbádá, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti onílé mi. Ọkùnrin àádọ́ta ọdún ni, onímọ̀ ẹ̀rọ. Lóṣù Ramadan, mo kírun níwájú ní pálọ̀ rẹ̀, ọkùnrin yìí sunkún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ Kùránì báyẹn. Lọ́jọ́ kejì ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi lórí owó ilé: "Saba7 el 5eir, el egar ya sheikh". Mo rò pé fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́ tó ń tẹ nọ́ńbà sáàárín ọ̀rọ̀!

Franco ni wọ́n ń pè é níbí, àwọn mìíràn ní Arabizi. Ìgbà tí fóònù ò tíì ní lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀: 3 dúró fún ayn torí ó jọ ayn tó kọ ẹ̀yìn síra, 7 dúró fún ha ọ̀fun, 5 fún kha, 2 fún hamza. Fóònù ti ní lẹ́tà báyìí ó ti pẹ́, wọn ò padà. Ọmọ tí mò ń kọ́ yẹn, Franco ló mọ̀ ọ́n kọ jù. Ó lè kọ "7abibi" kí n tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó fi lẹ́tà bàbá ńlá rẹ̀ kọ ọ́, yóò máa yàwòrán.

Oníṣòwò_Casa

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Káírò ń gbádùn. Ẹ wá Casablanca níbí. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí ọjà aṣọ, Darija, ammiyya àwọn ará Mòrókò, ni mo gbọ́, Fusha tí alfa kọ́ mi kò bá mi ra owú. Ní ọjà, Darija. Ní báńkì, Faransé. Ní mọ́ṣáláṣí, Fusha. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun ní ọ́fíìsì yóò tètè sọ Faransé kí wọ́n tó bi í.

Ní 2018, ariwo sọ níbí torí ìwé àwọn ọmọdé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí i bí aráàlú ṣe ń pè é, baghrir (ó dà bí àkàrà pẹlẹbẹ tó ní ihò wẹ́wẹ́) àti briouat. Àwọn èèyàn fárí gá: ẹ ti mú èdè ìdí ààrò wọ inú ìwé! Èmi ń wò wọ́n. Orúkọ tí ìyá gbogbo yín ń pè é nìyẹn, kí ni kí wọ́n máa pè é? Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 2019, wọ́n ṣe òfin kan, 51-17, tó jẹ́ kí wọ́n lè máa fi Faransé kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi ń kọ́ ọ ní Lárúbáwá. Ariwo ìyẹn náà sọ, àmọ́ kò tó ti baghrir lójú tèmi. Ẹ ò rí i? Wọ́n lé ọmọ ìyá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣí fèrèsé fún àlejò.

Ti Àlgéríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tún burú jù. Faransé wọ ibẹ̀ ní 1830, kò jáde títí di 1962. Ní 1938, wọ́n fi àṣẹ ìjọba pe Lárúbáwá ní èdè àjèjì. Ní ilẹ̀ rẹ̀! Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú ìyẹn fún, ẹ má bi í ìdí tó fi ń ṣi ọ̀rọ̀ pè.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ Amazigh, ọmọ onílẹ̀ níbí. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí ẹ bá òun bi àwọn Lárúbáwá pé kí ni wọ́n ń sọ ní Mòrókò kí àwọn tó dé. Ìjọba ò ka èdè tiẹ̀ sí èdè ìjọba àfi ní 2011.

Àkàndé_Peckham

Èmi ò rí ohun tó kàn wá níbẹ̀ o. Ṣé Yorùbá la fẹ́ sunkún lé tán tí a fi wá ń bá Lárúbáwá sunkún? Orílẹ̀-èdè méjìlélógún ló wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Láti 1973 ni Lárúbáwá ti di ọ̀kan nínú èdè mẹ́fà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò, wọ́n tiẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, 18 oṣù Kejìlá. Ta ló ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún tiwa níbẹ̀? Èdè tí Ọlọ́run fi sọ Kùránì, ṣé ẹnì kan lè pa á ni?

Ohùn_Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, kíkú kọ́ là ń sọ. Èdè lè wà láàyè kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: wọ́n fi àdúrà, ewì àti ìwé ìgbéyàwó sílẹ̀ fún un, wọ́n gba ilé ìwòsàn, kọ̀ǹpútà àti báńkì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Síríà, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ́ dókítà ní yunifásítì Damascus láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn dókítà yẹn wà káàkiri Jámánì báyìí, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Kò sí ẹni tó ní ọwọ́ wọn gbọ̀n torí Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ́ ìwé.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ammiyya tó bá já kúrò lára Fusha pátápátá, ẹ lọ sí Málítà. Ọmọ Lárúbáwá ni èdè wọn, lẹ́tà àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Kristẹni lọ̀pọ̀ wọn, ó sì wà lára àwọn èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti 2004. Kò kú. Ó kan di ẹlòmíràn.

Àwọn Palẹstínì tó wà nínú Ísírẹ́lì ló ń ṣe mí láàánú jù. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹ ó gbọ́ Hébérù kan tàbí méjì, "beseder" ni wọ́n fi ń sọ pé ó dáa. Iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ́fíìsì, Hébérù ni gbogbo rẹ̀. Ní 2018, òfin kan yọ Lárúbáwá kúrò ní èdè ìjọba níbẹ̀. Wọ́n ní "ipò pàtàkì" ni àwọn fún un dípò.

Ìyá_Ìbejì_Doha

Ẹ̀gbọ́n Ohùn_Mẹ́ta, mo gbà fún yín lórí awakọ̀ takisí àti oníbúrẹ́dì Káírò. Ṣùgbọ́n ọmọ Doha tí mo sọ ìtàn rẹ̀, kì í ṣe Fusha ló ṣòro fún un. Ammiyya ìyá ìyá rẹ̀ ni kò gbọ́! Ìyẹn ti kọjá agbádá. Ìhòòhò ni.

Àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn dára jù ú lọ, àwọn dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́ sọ fún mi. Àwòrán-eré orí Spacetoon, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, Fusha ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ á wà ní pálọ̀, á máa bá àbúrò rẹ̀ jà ní Fusha bí onídàájọ́. YouTube ló dé, ló bá tán.

Bàbá_Alfa_Ìlọrin

Mo fẹ́ dáhùn ẹni tó bá ń rò pé Lárúbáwá ò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan ayé òde òní, torí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ti Káírò bọ̀. Ẹ ka Suratu Yusuf. Àwọn èrò tó ń rìnrìn àjò tó rán apọnmi wọn lọ sí kànga tí wọ́n ju Yusuf sí, kí ni Kùránì pè wọ́n? Sayyara. Kí ni wọ́n ń pe mọ́tò lónìí? Sayyara. Qitar, ọ̀wọ́ ràkúnmí tí wọ́n so mọ́ra ni, òun ló di rélùwéè. Ẹnì kan jókòó, ó ronú, ó bọ́ sínú àká, ó mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde, ó nù ún, ó bá a mu.

Ohùn_Mẹ́ta

Bàbá, sayyara mú un. Ṣùgbọ́n láti 1919 ni àjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ti wà ní Damascus, ti Káírò dé ní 1932, wọ́n ń ṣe ọ̀rọ̀ jáde lóríṣiríṣi. Wọ́n ní kí wọ́n máa pe kọ̀ǹpútà ní hasub. Akéwú, ṣé o ti gbọ́ hasub lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jà rí?

Akéwú_Káírò

Rárá o. "Kombyutar". Lọ́jọ́ tí mo sọ hasub, ẹni tó ń tún un ṣe béèrè bóyá oníṣirò owó ni mò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ṣẹlẹ̀ lánàá tì í, kí n tó lọ sùn. Ìyá bàbá ọmọ yẹn pè láti Sa'id, apá gúúsù lọ́hùn-ún, bàbá àti ìyá ò sí nílé. Ọmọ gbé e sétí, ó ń ní "aywa, aywa" (bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni) títí, ó bo fóònù, ó ní, "Sheikh, kí ni wọ́n ń sọ?" Mo gbà á. Inú mi dùn pé ọjọ́ tèmi dé. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan! Ẹnu àwọn Sa'id yàtọ̀ gan-an. A sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá bawwab, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, torí ọmọ ibẹ̀ ni.

Bawwab gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "galbi" ni màmá ń pe ọmọ, ọkàn òun, pé ó ti jẹ́ kí ojú pọ́n òun. Ọmọ ní, "Oh, 'albi!" ó sì tẹ̀ ẹ́ hàn mí lórí fóònù tiẹ̀: 2albi. Mo ní, "Qalbi ni, q ni, láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun." Bawwab ní àwa méjèèjì ò mọ̀ ọ́n pè, galbi ni. A wà lórí ìyẹn, àwa mẹ́ta, nígbà tí a gbọ́ ohùn màmá láti inú fóònù tó ń bi wá bóyá a ṣì wà níbẹ̀.